Gbọ̀ngàn Bàbá Olúbọ̀dé Kò Yẹ̀

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Olúbọ̀dé kú. Orí bẹ́ǹṣì pákó kan tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ti ṣubú, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n wọlé. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ìgbà kọkànlá nìyẹn tí wọ́n máa lọ sí ọ́fíìsì náà láàárín oṣù méjì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bá lọ: kí wọ́n ṣàlàyé pé gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Baruwa, tí àwọn fúnra wọn yàwòrán rẹ̀, kò yẹ̀ lórí ìpìlẹ̀, kí ìjọba má wó o.

Ẹ má rò pé ẹni tí ayé ti sú ló ń kọ̀wé yìí. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nìyí tí wọ́n so yìgì èmi àti Nasir, làálì ọwọ́ mi kò tíì parẹ́ tán. Inú mi ń dùn, mo ń fọ àwo mo ń kọrin, mo ń gbálẹ̀ mo ń kọrin, bí ọkọ mi bá wọlé láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ tí ìfọ́ pákó kún irun rẹ̀, ẹ̀rín á gbà mí lẹ́nu. Ẹni tínú ń bí kì í rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi, nítorí nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ wó yẹn ni mo ti rí ayọ̀ yìí gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ igbá tí wọ́n fi bu omi fún mi mu, kò yẹ kó retí pé kí n dákẹ́.

Ẹni tó bá ti gba Ìpájà lọ sí Baruwa rí ti rí gbọ̀ngàn náà. Gbogbo ilé tó kù ní òpópónà yẹn ló kojú sí títì gbọnrangandan. Gbọ̀ngàn tiwa nìkan ló fi ẹ̀gbẹ́ dúró, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Afẹ̀gbẹ́dúró ni àwọn ọmọdé ń pè é. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé kó já yín sí Afẹ̀gbẹ́dúró, kò ní bi yín léèrè ọ̀nà.

Ìdúró ẹ̀gbẹ́ yìí ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ ikú. Ẹnìkan láti ọ́fíìsì náà dé lọ́jọ́ kan, ó dúró lójú títì, ó ya fọ́tò, kò wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìwé tó kọ sọ pé ilé náà ti yẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, pé ẹ̀rí rẹ̀ ni pé kò bá àwọn ilé yòókù dọ́gba mọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú ńlá sára ògiri iwájú. Ẹ gbọ́ ná. Ilé tó yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ha yẹ kí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kan sán? Kò ha yẹ kí ògiri rẹ̀ kan là? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ilé yìí ti wà, òjò kan kò tíì kán sí orí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni náà kò wọlé, báwo ló ṣe máa mọ̀?

Ìyá Àdíját, ìyá tó bí bàbá mi, ló sọ fún mi bí ilé náà ṣe di afẹ̀gbẹ́dúró. Ìdílé wa ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Èkìtì àti Oǹdó ni wọ́n kọ́kọ́ dá àbá gbọ̀ngàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Olúbọ̀dé, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyàwòrán ilé. Wọn kò kọ́kọ́ mú bébà jáde. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí kó eérú wá. Wọ́n fi eérú náà ya gbọ̀ngàn sórí ilẹ̀, bó ṣe máa tóbi tó gan-an, ògiri, ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá ní kí ará àdúgbò wọlé, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tó ń lo ilé.

Sátidé méjì gbáko ni Baruwa fi gbé inú ilé tí kò ní ògiri. Ìyá Àdíját ní kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi gba eérú náà gbọ́. Bí ẹnìkan bá gorí ìlà kọjá, àwọn obìnrin á pariwo lé e lórí pé ṣé iwin ni, tó fi ń gba inú ògiri wọlé. Aláboyún méjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn kò lè kọjá lára wọn. Bàbá fi ẹsẹ̀ pa ìlà náà rẹ́, wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà. Àgbàlagbà kan jókòó síbi tó ti máa ń jókòó nípàdé, ó ní oòrùn ń ta òun lójú. Wọ́n gbé fèrèsé kúrò níbẹ̀. Ta ló tún bi yín léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yin ará Alimosho, kí wọ́n tó kọ́ nǹkan fún yín?

Sátidé kẹta ni ọ̀rọ̀ gbọ̀nà ẹ̀bùrú yọ. Àkókò ìrun Alásárì tó, àwọn ọkùnrin ilé wa tò láti kírun nínú ilé eérú náà. Wọ́n kọjú sí gábàsì, sàfù wọn, ìlà tí wọ́n tò sí láti kírun, sì dábùú ìlà eérú, ìdajì èèyàn wà nínú ilé, ìdajì wà níta. Bàbá Olúbọ̀dé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ, dúró wò wọ́n títí wọ́n fi sálámà parí ìrun. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbá gbogbo eérú náà dànù, wọ́n yí ilé náà padà pátápátá, wọ́n fún un ní fàráńdà gígùn kan tó kọjú sí gábàsì, tí èèyàn lè tò sí láìsí pé ògiri gé wọn sí méjì. Ẹ̀yìn ilé náà wá bọ́ sọ́nà ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá, wọ́n fi fèrèsé gíga sí i, kí ooru má baà mú àwọn tó ń kọrin ìsìn nínú lọ́hùn-ún.

Alhaji Sàkàrìyáù, olórí ẹbí wa nígbà náà, dé, wọ́n rí i, wọ́n fárígá. Ìyá Àdíját wà níbẹ̀.

"Olúbọ̀dé, ilé tí kò kojú sí títì. Ṣé ó ń bá títì jà ni?"

"Alhaji, títì lè yí padà lọ́la. Gábàsì ò ní yí."

Wọ́n ní Alhaji rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ará òkè yìí á pa àwọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà náà ni ìjọba fẹ títì. Gbogbo ilé tó kojú sí títì gbọnrangandan ló pàdánù fàráńdà, àwọn kan pàdánù yàrá iwájú. Afẹ̀gbẹ́dúró kò pàdánù búlọ́ọ̀kù kan, nítorí bó ṣe fi ẹ̀gbẹ́ dúró yẹn fi ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, títì sì gbà lára ilẹ̀ yẹn, ó ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni igi fúrúùtù wà dòní, tí àwọn ọmọ iléèwé ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ bi ọmọ iléèwé kan ní Ègbédá tàbí Ìgàndó pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, á dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ bi í pé ta ló yàwòrán kíláàsì tó jókòó sí, á máa wò yín. Bóyá á ní òyìnbó ni. Bàbá Olúbọ̀dé kò fẹ́ràn èsì yẹn rárá. Wọ́n máa ń sọ pé agbo ilé àwọn bàbá wa, tó ní àgbàlá láàárín tí òjò ń rọ̀ sí, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àlejò lè sùn sí láìkan ilẹ̀kùn, èèyàn dúdú ló jókòó ronú rẹ̀, kì í ṣe orí ló bá a ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó mọ bí èèyàn òun ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, bí wọ́n ṣe ń sunkún, òun ló lè kọ́lé fún wọn. A ní irú wọn káàkiri ìlú yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn tó yàwòrán ọjà wa, ìsọ̀ wa, ilé ìbímọ wa. Orúkọ wọn dà?

Ẹ lọ wo òkúta mábù tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà. Orúkọ ẹni tó wá gé rìbọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Orúkọ akọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbé kánópì wá lọ́jọ́ ìṣílé wà níbẹ̀, mi ò ṣàwàdà. Orúkọ Olúbọ̀dé kò sí níbẹ̀. Ìyá Àdíját ní àwọn sọ ọ́ nígbà náà, àmọ́ wọ́n dá àwọn lóhùn pé àyè ti tán lórí òkúta.

Mo fẹ́ sọ nípa ọjọ́ ìyàwó mi díẹ̀. Ọ̀dà pupa ti wà lára ògiri ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn ará ilé ní kí n lọ gba ibòmíràn, pé kò bójú mu kí wọ́n so yìgì síwájú àgbélébùú pupa. Mo ní rárá. Mo ra aṣọ ìbòjú fèrèsé aláwọ̀ ewé, mo fi bò ó. Bàbá Olúbọ̀dé dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọn kò lọ síbi oúnjẹ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ dúró sí, wọ́n ń wo bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé àwo kọjá lára wọn. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń dá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

"Raheemat, ṣé àyè gbà yín dáadáa?"

Mo ní ó gbà wá, bàbá, ó tún ṣẹ́ kù. Wọ́n wo aṣọ tí mo fi bo ògiri. Wọ́n ní mo ṣeun, àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ àwọn ń lọ bá àwọn ọ̀gá yẹn, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn nu ọ̀dà wọn. Nasir ní òun á sìn wọ́n lọ. Ọkọ mi ti ń bá wọn lọ tẹ́lẹ̀, torí pé ọwọ́ wọn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé.

Nasir ló jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe Bàbá níbẹ̀. Nínú ìgbà mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rí ojú ọ̀gá kan. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò wo ojú Bàbá, fóònù ló ń wò.

"Baba, ilé yín ti yẹ̀."

"Kò yẹ̀, ọ̀gá. Bí mo ṣe bí i nìyẹn."

"Ẹ mú pláànì rẹ̀ wá."

"Ọ̀dọ̀ yín níbí ló wà. Ẹ̀yin lẹ fi òǹtẹ̀ lù ú lọ́dún tá a kọ́ ọ."

"Òjò ti ba àwọn fáìlì ọdún yẹn jẹ́, baba. Òrùlé wa ń jò."

Ẹ tún un kà. Ọ́fíìsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò ló ń dájọ́ ikú fún ilé tí òrùlé rẹ̀ kò jò rí. Tí wọ́n bá ń wá ilé tó léwu, ṣebí inú rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí?

Bàbá padà sílé, wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tún gbogbo àwòrán náà yà láti inú orí wọn, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Nasir gbé téèpù lọ sí gbọ̀ngàn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò sí ibì kan tí Bàbá fi ju ìbú àtàǹpàkò lọ ṣìnà. Ìwé yẹn ni wọ́n gbé lọ ní ìgbà mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó máa gbà á kò sí níbi iṣẹ́. Ìgbà kejì, wọ́n ní ẹni tó ní ilé ló lè mú ìwé wá, Bàbá kọ́ ló nilé. Ìgbà kẹta ni Ọjọ́bọ̀ yẹn. Orí itan wọn ni ìwé náà wà nígbà tí wọ́n ṣubú. Nasir ló mú un bọ̀ wálé. Ọkọ mi, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí a so yìgì wa, jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Ẹkún tí mo kọ́kọ́ rí lójú rẹ̀ nínú ilé wa nìyẹn.

Àwọn ọmọ Bàbá àti ìjọ wọn tọrọ ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n gbé pósí wọn sínú gbọ̀ngàn fún wákàtí kan kí wọ́n tó lọ sin wọ́n. Ọ́fíìsì kọ̀. Wọ́n ti fi àgádágodo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ní ó léwu. Ó léwu fún ta? Kí ni ilé lè ṣe fún òkú mọ́? Ṣé wọ́n ń bẹ̀rù kó wó pa á ni?

Nítorí náà, nínú oòrùn ọjọ́ Ẹtì, pósí Bàbá Olúbọ̀dé wà lórí títì níwájú ilé tí wọ́n bí fúnra wọn. Àwọn kan ní ká máa lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá Àdíját, tí ìkúnlẹ̀ ti ń nira fún, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ká kó eérú wá. A rò pé ọ̀fọ̀ ti kó wọn lọ́kàn lọ, àmọ́ a kó o wá. Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù, lórí ilẹ̀ onígun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò lè fi àgádágodo sí, wọ́n ń da eérú, èmi àti àwọn obìnrin yòókù ń bá wọn dà á, títí a fi ya gbọ̀ngàn kékeré kan síbẹ̀, pẹ̀lú fàráńdà rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tó fẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá ní kí wọ́n gbé òkú wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé pósí fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin kì í ṣe iwin."

Wọ́n yí, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ gbàdúrà, lémọ́ọ̀mù tọrọ àánú fún wọn ní tiwọn. Wákàtí kan gééré la lò nínú ilé yẹn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni lẹ́tà ìbánikẹ́dùn dé láti ọ́fíìsì náà. Wọ́n kí ẹbí "olóògbé kọngílá" kú ará fẹ́ra kù. Kọngílá, agbaṣẹ́ṣe lásán! Wọ́n pa á, wọn kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́tà kejì wà nínú àpò ìwé kan náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ọjọ́ tá a gba ìwé náà ni wọ́n máa wó gbọ̀ngàn.

Mi ò dárúkọ ọ́fíìsì náà níbí. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn, a sì mọ̀ wọ́n. Ohun tá a fẹ́ kò ṣòro. Ẹni tó dúró lójú títì tó kọ̀wé pé ilé wa ti yẹ̀, kó jáde síta, kó mú irin iṣẹ́ rẹ̀ wá, kó wọn ilé náà lójú gbogbo wa, àwòrán Bàbá wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Bó bá rí i pé ó ti yẹ̀, kó fi hàn wá. Bí kò bá rí i, kó bẹ àwọn ọmọ olóògbé níwájú èèyàn, kì í ṣe nínú lẹ́tà. Ẹni tó ní àṣẹ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, tó mọ̀ pé àgbàlagbà wà níta fún wákàtí méje, kó sọ fún wa ohun tó ń ṣe nínú yàrá tó wà. Ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò tọrọ pé kí wọ́n fi orúkọ Olúbọ̀dé sára gbọ̀ngàn mọ́. Lánàá ni Nasir gbẹ́ ẹ sára pákó ìrókò, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àwa méjèèjì la jọ kàn án mọ́ òpó fàráńdà lójú ọ̀sán. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, fàráńdà kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ wá yọ ọ́ bó bá dùn yín.

Ní ti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ ò ní bá gbọ̀ngàn náà lófo. Àwa tó kírun níbẹ̀, àwa tó kọrin ìsìn níbẹ̀, àwa tí wọ́n so yìgì wa níbẹ̀, a máa ti wà lórí fàráńdà láti ìrun àárọ̀, tọmọtọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ wó o, kó má rán awakọ̀ katapílà nìkan sí wa. Kí òun náà sọ̀ kalẹ̀, kó dúró síwájú Ìyá Àdíját, kó sì sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.